Ojú Ìwé Kẹrin

Ní Òkè-Àró nílùú Àkúrẹ́, lẹ́yìn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń wọn kòkó,
yàrá kan wà tí òórùn àpò ìdọ̀họ kò fi sílẹ̀ rí.
Ibẹ̀ la ti ń pàdé ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
àwa mẹ́rin, fìtílà kan, bẹ́ǹṣì kan tó ń mì.

Bàbá Akíntìmẹ́hìn, tó yẹ kòkó wò fún ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì,
òun ni kì í jẹ́ ká ka iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́.
"Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó ná," ni yóò wí.
"Kòkó tí ẹ bá sá sóòrùn lọ́jọ́ tí ẹ là á,
ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á korò."
A máa ń rẹ́rìn-ín. A sì máa ń bò ó.

Mobọ́ládé ń ránṣọ. Bó ṣe ń tú aṣọ ló ṣe ń tú gbólóhùn:
abẹ fẹ́lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òwú kan lẹ́ẹ̀kan,
yóò gbé e sókè síná, yóò bi ọ́ pé,
"Ṣé èyí ń di nǹkan mú ni, àbí ó kàn ń ṣe fújà?"

Fẹ́hìntọlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Bírò pupa kan ló ní, ìdérí rẹ̀ ti sọnù.
Tó bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.
Tó bá fagi lé e, má wulẹ̀ bi í.

Èmi gbé ìwé ikú bàbá mi lọ síbẹ̀.
Ojú ewé mẹ́sàn-án. Mo ti sunkún sórí méje nínú wọn.
Fẹ́hìntọlá kà á, ó fagi lé ojú ìwé kẹrin
láti òkè délẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
"Ẹkún rẹ nìyí. Bàbá dà?"

Mo kó ìwé mi. N kò dágbére.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, n kò lọ. Ìkejì, mo gba ọ̀nà Ìjọ̀kà
kí n má baà rí iná tó ń yọ láàárín pákó.
Mò ń dá sọ̀rọ̀ lọ́nà bí ẹni tí wọ́n jí lówó:
Bàbá ta ni? Ṣé òun ló wẹ̀ wọ́n?
Ìkẹta, òjò sé mi mọ́lé,
mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

Òun ni. Ó rin gbingbin, ó fi ọ̀rá wé nǹkan mọ́ àyà.
Kò bẹ̀bẹ̀. "Kí ló wà lọ́wọ́ wọn," ó ní,
"lọ́jọ́ tó o rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn ṣì le?"

Èébú ni mo fẹ́ fọ̀. Ẹnu mi sọ nǹkan mìíràn:
gọ̀gọ̀ kòkó. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn.
Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú, wọ́n fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e
lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ta á ní kókó tí ẹlòmíràn kò lè tú.
Lọ́jọ́ náà wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní,
"Bá mi di ìsàlẹ̀ mú, ó ti ń wúwo."
N kò mọ̀ pé ìdágbére ni.

"Kọ ọ́ báyìí," ni Fẹ́hìntọlá wí.
Bàbá Akíntìmẹ́hìn ì bá bínú: kò sí ewé, kò sí ọjọ́ mẹ́fà.
Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀,
títí mo fi kọ ọ́ tán.

Nǹkan tó fi ọ̀rá wé, ó gbàgbé rẹ̀ sórí àga mi.
Bóyá kò gbàgbé.
Ìtàn tirẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà. Kò tíì fi han ẹnì kankan rí.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo tó dá a padà.
Mo ti fagi lé ojú ìwé méjì. Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Ó wò ó, ó pẹ́. Mobọ́ládé di abẹ rẹ̀ mú, kò gé nǹkan.
Bàbá Akíntìmẹ́hìn ń ka èèrà ara ògiri.
Nígbà tó yá, ó na bírò pupa rẹ̀ sí mi.
"Èyí tó o lò kò hàn dáadáa," ó ní.
"Tún igi náà fà."